Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán April Glaspie

Ní ọ̀sán ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1990, ìpè dé bá April Glaspie ní Baghdad: Ààrẹ Saddam Hussein fẹ́ rí i, lójú ẹsẹ̀. Glaspie ni aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Íráákì nígbà náà. Saddam kì í sábà pe aṣojú ìjọba òkèèrè sọ́dọ̀ ara rẹ̀ báyẹn. Mínísítà tàbí igbákejì mínísítà ni wọ́n máa ń rí. Kò sí àyè láti tẹ wáyà sí Washington kó béèrè pé, "Kí ni kí n sọ?" Ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbé lọ.

Nígbà tó wọlé, Saddam wà níbẹ̀. Tariq Aziz, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Olórí ọ́fíìsì ààrẹ náà wà níbẹ̀, ògbufọ̀ wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé méjì sì mú bírò dání, wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí ẹnu bá sọ sílẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ Íráákì. Lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, obìnrin yìí nìkan ni. Kò sí akọ̀wé kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà tó kù ti ta gbòǹgbò. Bí ẹni méjì bá jọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, tí ẹnì kan ní akọ̀wé méjì, tí ẹnì kejì kò ní ju iyè inú ara rẹ̀ lọ, lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ìwé ta ni aráyé máa kọ́kọ́ kà?

Ìjà náà kò sì pẹ́ tó fi dé. Ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn ìjókòó yẹn, kí ilẹ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun Íráákì ti wọ Kùwéètì. Láti ìgbà náà títí di òní, bí wọ́n bá ń wá ẹni tó ṣílẹ̀kùn ogun náà, orúkọ Glaspie ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní òun ló fún Saddam láàyè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe àṣìṣe, nítorí ó ṣe é.

Ẹni tí wọ́n rán

Vancouver ní Kánádà ni wọ́n bí April Catherine Glaspie sí, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1942. Ó kàwé ní Mills College ní Oakland, ìpínlẹ̀ California, ó jáde ní 1963. Ó tún lọ sí yunifásítì Johns Hopkins, ó parí ìyẹn ní 1965. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọṣẹ́ aṣojú ìjọba.

Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà yẹn. Lẹ́nu iṣẹ́ náà, títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, obìnrin tó bá ti lọ́kọ, kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ọkùnrin tó bá gbéyàwó ní tirẹ̀, wọ́n á bá a yọ̀, ìyàwó á sì máa dáná fún àlejò ìjọba láìgba kọ́bọ̀. Tí obìnrin bá wá sọ pé ilẹ̀ Lárúbáwá lòun fẹ́ lọ, wọ́n á ní ta ló máa dá a lóhùn níbẹ̀. Glaspie kò wo ẹnu wọn. Ó kọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì fi odidi ìgbésí ayé iṣẹ́ rẹ̀ sí apá ibẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Kùwéètì ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó ṣiṣẹ́ ní Síríà, ó ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì, ó wà ní Tùnísíà níbi tí ìjọba wọn ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní èdè náà. Nígbà tí wọ́n fi máa rán an lọ sí Baghdad ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí obìnrin Amẹ́ríkà kankan ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe aṣojú àgbà sí orílẹ̀-èdè Lárúbáwá.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn mú láti òpópónà nítorí ó bá ààrẹ polongo ìbò. Ọ̀pọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń yàn báyẹn, tí wọn ò lè kí ará ìlú tí wọ́n rán wọn sí ní èdè wọn. Glaspie mọ ilẹ̀ náà, ó mọ èdè, ó mọ àwọn èèyàn ibẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn wà lọ́kàn ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀

Íráákì àti Ìráànì ti jagun fún ọdún mẹ́jọ, 1980 sí 1988. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, gbèsè ló kù sí ọrùn Saddam, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ará Gọ́ọ̀fù: Kùwéètì, Sàúdí Arébíà. Saddam ní kí ni wọ́n ń pè ní gbèsè nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Íráákì ni òun fi ṣe odi fún wọn kí Ìráànì má bàa gbé wọn mì, ó yẹ kí wọ́n fi owó náà jì òun.

Wọn ò fi jì í. Èyí tó tún wá dùn ún jù ni ti epo rọ̀bì. Iye owó àgbá epo ń já wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, Saddam sì ní Kùwéètì àti Ìṣọ̀kan Ẹ́mírétì Lárúbáwá ló fà á, tí wọ́n ń wa epo kọjá ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ OPEC pín fún wọn. Ìṣirò tirẹ̀ ni pé bí dọ́là kan bá já lórí àgbá kan, bílíọ̀nù kan dọ́là ló ń bọ́ lọ́wọ́ Íráákì lọ́dún. Lórí ìyẹn, ó tún fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń fa epo Rumaila tó wà lábẹ́ ààlà àwọn méjèèjì, tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba pé bí ọ̀rọ̀ ẹnu kò bá tó, òun á wá nǹkan mìíràn ṣe. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń tò sí ẹnu ààlà. Àwọn kámẹ́rà Amẹ́ríkà tó wà lójú sánmà ń rí wọn.

Kí wá ni Amẹ́ríkà ń sọ fún un? Níbí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé là ojú sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989, Ààrẹ George Bush fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan pé kí wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ àti àǹfààní ọrọ̀ ajé fa Íráákì mọ́ra. Ìlànà ìjọba nìyẹn, gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹta 1990, Saddam ní kí wọ́n so oníròyìn kan tó ń jẹ́ Farzad Bazoft kọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn ní London. Ní oṣù Kẹrin, ó léri pé òun á sun ìdajì Ísírẹ́lì níná. Láìtí ì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, tí Bob Dole ṣáájú wọn, lọ bá a ní Mosul. Alan Simpson tó wà láàárín wọn sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn ni ìṣòro rẹ̀ wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn ọkùnrin tí ará ìlú dìbò fún nìyẹn. Glaspie kọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ náà sí wọn lẹ́nu.

Nígbà tí ọmọ ogun ti ń rọ́ lọ sí ààlà ní oṣù Keje, wọ́n bi agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Washington, Margaret Tutwiler, bóyá Amẹ́ríkà ti ṣe àdéhùn láti gbèjà Kùwéètì. Ó dáhùn pé kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Keje ni. Ọjọ́ kejì ni Saddam pe Glaspie.

Wákàtí méjì

Ó tó wákàtí méjì tí wọ́n fi jókòó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, Saddam ló ń sọ̀rọ̀. Glaspie kọ ọ́ sínú wáyà tó tẹ̀ sí Washington pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ọkùnrin náà ṣe, pé ó tiẹ̀ ń yá mọ́ òun. Ó sọ ti gbèsè, ó sọ ti epo, ó sọ pé Amẹ́ríkà ń ti Kùwéètì àti Ẹ́mírétì lẹ́yìn kí wọ́n lè máa tẹ́ńbẹ́lú Íráákì. Ó sọ gbólóhùn kan tó yẹ kó ta ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ jí: pé irú àwùjọ tí Amẹ́ríkà jẹ́ kò lè gba kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn kú lójú ogun kan ṣoṣo.

Láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n wá pe Saddam síta: Hosni Mubarak, ààrẹ Íjíbítì, ń pè é lórí fóònù. Ó dìde, ó jáde. Mo máa ń ronú nípa ìṣẹ́jú mélòó yẹn. Obìnrin kan wà nínú yàrá láàárín àwọn èèyàn tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ogun ń rọ́ lọ sí ààlà, kò sì sí ẹnì kan láti Washington tó lè sọ fún un bóyá kó le sí i tàbí kó rọ̀. Saddam padà wọlé, ó ní ìròyìn ayọ̀ ni: Mubarak ti bá àwọn ará Kùwéètì sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà láti jókòó ìpàdé. Ó ní òun ti fi Mubarak lọ́kàn balẹ̀ pé ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀ kí ìpàdé náà tó wáyé, kò sì ní sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ bí Kùwéètì bá lè fún àwọn ní ìrètí díẹ̀.

"Bí Kùwéètì bá lè fún àwọn ní ìrètí díẹ̀." Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé nínú irú gbólóhùn báyìí, "bí" ni ọ̀rọ̀, gbogbo ìyókù kàn tẹ̀ lé e ni.

Ó wá ku ohun tí Glaspie sọ. Ó béèrè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní kó béèrè, pé kí ni Íráákì ní lọ́kàn pẹ̀lú ọmọ ogun tó ń kó jọ, ó sì fi kún un pé ọ̀rẹ́ ló ń béèrè, kì í ṣe ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn tó pa iṣẹ́ rẹ̀ run. Bí Íráákì ṣe kọ ọ́, ó ní: "A ò ní èrò kankan lórí ìjà Lárúbáwá sí Lárúbáwá, irú bí aáwọ̀ yín pẹ̀lú Kùwéètì lórí ààlà." Ó tún ní nígbà tí òun wà ní Kùwéètì ní ìparí àwọn ọdún 1960, àṣẹ tí àwọn ní nìyẹn, àti pé James Baker, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti ní kí gbogbo agbẹnusọ àwọn máa tẹnu mọ́ ọn.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sọ pé "èmi rò pé." Ó dárúkọ ẹni tó rán an. Àwọn àgbà ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán ni sí. Iṣẹ́ ikọ̀ nìyẹn láti ayébáyé. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ ìlàrí: ọ̀rọ̀ Aláàfin ló ń gbé lọ, tirẹ̀ kọ́, bí Aláàfin bá sì sẹ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, a ti tú ìlàrí sí ìhòòhò lọ́jà.

Ọjọ́ mẹ́jọ

Glaspie padà sí ọ́fíìsì, ó kọ wáyà rẹ̀. Àkọlé tó fún un ni pé Saddam fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ránṣẹ́ sí Ààrẹ Bush. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé òun gbà pé òótọ́ ni Saddam ń sọ nígbà tó ní ọ̀nà àlàáfíà lòun fẹ́. Ó tún dámọ̀ràn pé kí Washington rọra dẹwọ́ bíbu ẹnu àtẹ́ lu Íráákì ní gbangba títí wọ́n á fi rí ibi tí ìpàdé náà máa já sí.

Mi ò ní bò ó: àṣìṣe rẹ̀ nìyí, ó sì tóbi. Ó gba ẹni tí kò yẹ kó gbà gbọ́ gbọ́. Ní ìparí oṣù Keje náà ló kúrò ní Baghdad, ó lọ sí ìsinmi tó ti ṣètò tẹ́lẹ̀. Aṣojú tó bá fura kì í fi ibùdó sílẹ̀ nírú àsìkò yẹn.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló sùn lọ. Mubarak náà gba Saddam gbọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ìwé láti ọ̀dọ̀ Bush fúnra rẹ̀ lọ sí Saddam: inú òun dùn pé wọ́n fẹ́ jókòó pẹ̀lú Kùwéètì, Amẹ́ríkà sì ń fẹ́ kí àárín àwọn méjèèjì túbọ̀ dán mọ́rán. Kò sí ìhalẹ̀ gidi kan nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31, John Kelly, ọ̀gá tó ń rí sí gbogbo ọ̀rọ̀ apá ibẹ̀ ní Washington, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Aṣòfin Lee Hamilton bi í pé bí Íráákì bá wọ Kùwéètì, ǹjẹ́ àdéhùn kan wà tó máa mú Amẹ́ríkà fi ọmọ ogun ránṣẹ́. Ó ní kò sí. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ìpàdé Íráákì àti Kùwéètì ní Jeddah kò so èso, ó sì tú ká.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, wọ́n wọ Kùwéètì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olú ìlú ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Ẹ́míà ti sá lọ sí Sàúdí, àbúrò rẹ̀ Sheikh Fahad sì ti kú nídìí ààfin Dasman. Àwa ní Nàìjíríà mọ ohun tó tẹ̀ lé e láti apá tiwa: owó epo fò sókè, ìjọba ológun rí owó rẹpẹtẹ gbà, díẹ̀ nínú owó náà sì wà lára bílíọ̀nù 12.4 dọ́là tí ìgbìmọ̀ Pius Okigbo wádìí ní 1994.

Ìwé méjì

Ní oṣù Kẹsàn-án 1990, Íráákì gbé àkọsílẹ̀ àwọn akọ̀wé méjì yẹn jáde fún àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà. Gbólóhùn "a ò ní èrò kankan" wà nínú rẹ̀ gbangba. Ariwo sọ.

Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó rán an níṣẹ́ dìde. Ó rọrùn kí James Baker jáde kó ní, "Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀, ìlànà wa nìyẹn, a sì ṣìnà." Nígbà tí wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tó sọ ni pé wáyà tó ń jáde lórúkọ òun lọ́dọọdún pọ̀ lọ bíi yanrìn òkun, òun ò lè máa wo gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú títí di òní. Wáyà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ọmọ ogun ń rọ́ lọ sí ààlà rẹ̀ kò pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Wọ́n pa Glaspie lẹ́nu mọ́. Kò padà sí Baghdad, ọ́fíìsì ní Washington ni wọ́n fi í sí, wọn ò sì jẹ́ kó bá oníròyìn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí Amẹ́ríkà ń múra ogun àti ìgbà tí wọ́n ń jà á, láti ọjọ́ 17 oṣù Kìíní títí di ìparí oṣù Kejì 1991. Wáyà rẹ̀, tó lè sọ ohun tó sọ gan-an, wọ́n tì í mọ́nú àpótí gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣírí.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1991 ni wọ́n tó jẹ́ kó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Ó sọ níbẹ̀ pé ayédèrú ni ìwé Íráákì, pé wọ́n ti gé èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ òun kúrò. Ó ní òun kìlọ̀ fún Saddam lemọ́lemọ́ pé Amẹ́ríkà ò ní gba kí wọ́n fi ipá tàbí ìhalẹ̀ yanjú aáwọ̀. Wọ́n ní kí ló wá fà á tí Saddam ò fi gbọ́? Ó dáhùn pé àṣìṣe àwọn ni pé, bíi ti gbogbo ìjọba yòókù láyé, àwọn ò mọ̀ pé òmùgọ̀ ni.

Lóòótọ́ ni wọ́n gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, wáyà rẹ̀ tẹ àwọn aṣòfin lọ́wọ́. Wọ́n kà á, wọ́n bínú. Aṣòfin Alan Cranston ní ó ṣi àwọn lọ́nà.

Láti ọdún 2011, ẹnikẹ́ni ló lè ka wáyà náà fúnra rẹ̀, nítorí WikiLeaks, àwọn tó máa ń tú ìwé àṣírí ìjọba síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbé e síta. Mo gbé ìwé méjèèjì síwájú ara wọn. Gbólóhùn tí Íráákì ní ó sọ wà nínú wáyà tirẹ̀ náà, àyípadà díẹ̀ ló wà nínú bó ṣe kọ ọ́: ó ní òun ti ṣiṣẹ́ ní Kùwéètì ní ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà náà bíi ti ìsinsìnyí, Amẹ́ríkà kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn Lárúbáwá wọ̀nyí. Nítorí náà, Íráákì ò hun irọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wà nínú wáyà náà pẹ̀lú pé ó là á mọ́lẹ̀ fún Saddam pé Amẹ́ríkà kò lè gba ọ̀nà mìíràn láti yanjú aáwọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà àlàáfíà. Gbólóhùn yẹn ni ìwé Íráákì kò jẹ́ ká rí. Òótọ́ Glaspie kò pé: ìkìlọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lemọ́lemọ́, kò sì le tó bó ṣe sọ ọ́ níwájú àwọn aṣòfin. Ó yẹ kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ fún oṣù méje, tí gbogbo ayé ti ń pè ní ẹni tó fa ogun, mo mọ ohun tó lè mú kó fi iyọ̀ kún un. Síbẹ̀, kò yẹ.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn kan á ní ó yẹ kí Glaspie ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òwe yẹn ń sọ: iṣẹ́ tó le, ká fi ọgbọ́n jẹ́ ẹ kó má bàa dá ìjà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Glaspie rọ̀ jù ni. Kó tó lè ṣe Saddam lẹ́rù, ó máa ní láti ṣèlérí ọmọ ogun tí Bush kò tí ì pinnu láti rán. Kò sí ikọ̀ tó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣèlérí rẹ̀, tí Washington sẹ́ ẹ ní ọjọ́ kejì, wọ́n á dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, Saddam á sì rẹ́rìn-ín.

Tariq Aziz tó wà nínú yàrá náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó ní àwọn ò ka ọ̀rọ̀ obìnrin náà sí ìyọ̀ǹda. Pé pẹ̀lú bí Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe sí Íráákì ní gbogbo ọdún yẹn, ẹni tó bá rò pé inú wọn máa dùn sí kí Íráákì wọ Kùwéètì kò gbọ́n. Mi ò ní ìdí láti gbẹ́kẹ̀ lé Aziz lórí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ dá ẹ̀bi ogun náà lé Amẹ́ríkà lórí, ọ̀nà tó rọrùn jù ló kọ̀ láti gbà yẹn.

Ohun tí Glaspie fúnra rẹ̀ sọ fún oníròyìn ní 1990 sì wà ní ìrántí: pé òun ò rò ó, ẹlòmíràn kankan náà ò sì rò ó, pé gbogbo Kùwéètì ni Íráákì máa gbà. Àwọn kan fi ìyẹn mú un, pé àfi bíi pé kò burú bí wọ́n bá gba díẹ̀. Lójú tèmi, ó kàn sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo Washington ni: wọ́n rò pé erékùṣù Bubiyan àti Warba, tàbí etí Rumaila, ni Saddam ń wò.

Ibi tí kálukú gbà lọ

John Kelly, tó sọ ní gbangba ní ọjọ́ 31 oṣù Keje pé kò sí àdéhùn láti gbèjà Kùwéètì, wọ́n fi ṣe aṣojú àgbà sí Fínílándì ní 1991. James Baker di olórí òṣìṣẹ́ ààrẹ ní 1992. Alan Simpson wà nílé aṣòfin títí di 1997.

Glaspie, wọn ò fi ṣe aṣojú àgbà sí ibì kankan mọ́ láyé. Wọ́n fi í sí ọ́fíìsì Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ní 1993 ó wà ní Sòmálíà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà, ní àsìkò tí Mogadishu ń jó. Ibi tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ni Cape Town, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọ́fíìsì aṣojú níbẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2002. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni látìgbà tó wọṣẹ́. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e sí ilẹ̀ Lárúbáwá, wákàtí méjì ni aráyé fi ń rántí rẹ̀.

Kò kọ̀wé gbèjà ara rẹ̀. Kò máa kiri tẹlifíṣọ̀n. Ní 2008, nígbà tí wọ́n ti so Saddam kọ́ tán, tí Amẹ́ríkà sì ti padà wọ Íráákì ní ogun kejì, oníròyìn kan láti ìwé ìròyìn Al-Hayat bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ẹ̀bi rẹ̀, inú òun sì dùn láti gbà á. Ó ní ó lè jẹ́ pé òun ò lè mú kí Saddam gbà pé ohun tí Amẹ́ríkà bá sọ ló máa ṣe, ṣùgbọ́n kí òun má parọ́, òun ò rò pé ẹnì kan wà láyé tó lè mú un gbà.